Òkun Tí Àlàájì Sàláúdéènì Mu ní Ìsọlọ̀

Òkun ni Fàthíà ń ṣe nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ẹ má fojú burúkú wò mí o, òkun ni mo wí. Ìyá rẹ̀, Bàṣírátù, máa ń yá àwọn tó ń ṣe ìnáwó ní kúlà, àga àti abọ́ ní Òṣòdì, ó sì ní ìgò ńlá kan tó ní táàpù nísàlẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń rọ sóbò sí kí àlejò lè máa bù ú mu fúnra wọn. Ìgò yìí ni Fàthíà gbé sórí tábìlì. Ó ya píọ̀ wọ́tà, ó da iyọ̀ sí i bí ẹni tí iyọ̀ ṣẹ̀, ó gbé e sí fíríìsà títí tó fi tutù, ó fi sóbò díẹ̀ sọ ọ́ di pupa, ó wá dà á sísàlẹ̀ ìgò. Lẹ́yìn ìyẹn ló mú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò níyọ̀ rárá, tó ń kán an sórí fóòmù pẹlẹbẹ kan tó léfòó, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kán oògùn sójú ọmọ tuntun. Nígbà tó parí, omi funfun dúró lórí omi pupa, kò sì sí èyí tó da ìkejì rẹ̀ láàmú nínú àwọn méjèèjì.

Bí òkun ṣe rí nìyẹn ní apá ọ̀dọ̀ wa tí oòrùn ti ń mú gan-an. Oòrùn á mú omi òkè gbóná, òjò àti odò á tú omi tí kò níyọ̀ lé e lórí. Omi ìsàlẹ̀ á tutù, á níyọ̀, á wúwo. Wọ́n á wá wà lórí ara wọn bí ayálégbé òkè àti ayálégbé ìsàlẹ̀ tí kì í kí ara wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ pò nígbẹ̀yìn, torí ìsàlẹ̀ ni èròjà tó ń bọ́ ẹja wà. Bí omi ìsàlẹ̀ kò bá rú sókè, ebi á pa ẹja, ebi á sì pa àwa tí à ń jẹ ẹja. Ohun tó ń rú u ni Fàthíà ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ní ìgbì wà nínú omi, níbi tí òkè àti ìsàlẹ̀ ti pàdé, ìgbì ńlá tí ẹni tó dúró sétí òkun kò lè rí. Bí ìgbì yẹn bá ga jù, á wó lé ara rẹ̀ lórí, ibẹ̀ ni omi méjèèjì á ti dà pọ̀ mọ́ra rúdurùdu.

Ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ sí agbami láti lọ wọn rúdurùdu yìí, àyè akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló sì kù nínú rẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ àyè náà ya fídíò bí omi méjì ṣe ń pò, kó fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ Sátidé náà tó ṣú. Fàthíà fẹ́ ọkọ̀ yẹn débi pé ó ń lá àlá rẹ̀. Ọmọ tó ti ń kàwé nípa òkun láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì, etí òkun ló mọ, kò mọ àárín rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bàṣírátù ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òun nìkan kò lè dá pinnu lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Fàthíà ti ní àfẹ́sọ́nà, Abdulmajeed, ọmọ Àlàájì Sàláúdéènì. "Tí bàbá Majeed bá ní kí o lọ, lọ," ni Bàṣírátù wí. "Tó bá ní kí o má lọ, má tún dárúkọ ọkọ̀ nínú ilé yìí mọ́." Ta wá ni Àlàájì Sàláúdéènì? Ó ń gbé ní Àjàó Estate, báàgì ìrìn-àjò ló ń tà ní Òṣòdì, ojoojúmọ́ ló ń ta báàgì fáwọn tó ń lọ Dùbáì àti Kánádà. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ ibì kankan. Ẹ̀rù omi ń bà á tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá gun bíríìjì tó kọjá lórí ọ̀sà, ńṣe ló ń dijú pọ̀ títí wọ́n á fi sọ fún un pé wọ́n ti dé ilẹ̀. Irú ẹni tí Fàthíà fẹ́ gba àṣẹ òkun lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun á wá ọ̀nà sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará ilé Majeed bá wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó ti gbé fóònù rẹ̀ ti ìkòkò òdòdó ike, ó ti tẹ̀ ẹ́ kó máa ya fídíò, ó kù kó rọra kan tábìlì kí omi mì, ni fóònù ìyá rẹ̀ dún.

"Ìyá Fàthíà," ni Àlàájì wí, ohùn rẹ̀ ń jáde bíi ti rédíò, "a ti wà lójú títì Àgọ́ Palace. A ní ká kúkú yà sọ́dọ̀ yín lónìí, ká mú mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà kúrò nílẹ̀."

"Ẹ káàbọ̀ o, Àlàájì, ilé yín ni!" ni Bàṣírátù dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí ló fọwọ́ mórí. "Yéè! Mo gbé! Sóbò ò tíì tutù, mọ́ínmọ́ín ò tíì jinná! Fàthíà, gbé nǹkan yìí kúrò níbí!"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá gbé e, á pò."

"Kó pò! Ṣé kì í ṣe pípò náà lo ní o fẹ́ kó pò?"

"Mo fẹ́ kó pò, àmọ́ mi ò fẹ́ kó pò báyìí. Ìgbì ló yẹ kó pò ó, fóònù sì gbọ́dọ̀ rí i."

"Orí ẹ ti dàrú," ni Bàṣírátù wí, ó sì wò ó pé àkókò kò sí mọ́. "Fi sílẹ̀ níbẹ̀, wọn á rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ìwọ wọlé lọ! Ìyàwó kì í jáde títí wọ́n á fi pè é, má dójú tì mí." Ó ti ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, ó fa kọ́tìnì dí ẹnu ọ̀nà, ó sáré gba ilé ìdáná lọ.

Fàthíà ti jókòó tán kó tó rántí pé fóònù òun wà ní pálọ̀, tó ń ya fídíò lọ. Kò lè pe ẹnikẹ́ni, kò sì lè jáde. Ohun tó kù fún un ni ihò kékeré kan lára kọ́tìnì.

Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn àlejò ni ẹ̀gbọ́n Bàṣírátù, Mísbáù, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Máfolúkù. Wọ́n pàdé lórí àtẹ̀gùn ni. Bàbá Máfolúkù ni agbẹnusọ ilé náà níbi ọ̀rọ̀ àna, kò sì sọ ọ́ rí láyé rẹ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan. Ó kó wọn wọlé: Àlàájì nínú agbádá funfun, Ìyá Majeed pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, àti Abdulmajeed fúnra rẹ̀, ọmọkùnrin tó sanra dáadáa, tí pákó ilẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí Bàṣírátù ń gbé ń kígbe ní gbogbo ibi tó bá tẹ̀.

"Háwù, ẹ jókòó, ẹ jókòó," ni Bàbá Máfolúkù wí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí omi mímu fún àlejò, ìtìjú sì bá a. Ìgbà náà ló wá rí ìgò. Omi pupa nísàlẹ̀, omi funfun lókè, ó ń dán bí nǹkan olówó ńlá. "Ẹ ò rí i bí àbúrò mi ṣe tọ́jú yín!" Ó wá ife fún àwọn àlejò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣí táàpù. Níbo ni táàpù wà? Ìsàlẹ̀. Kí ló wà nísàlẹ̀? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Fàthíà bu ìka jẹ lẹ́yìn kọ́tìnì.

Àlàájì ṣe bísímílà, ó bù ú kún ẹnu. Ojú rẹ̀ pọ́n. Etí rẹ̀ gbéra sókè. Ó di ẹnu mú pin-pin, ó ń wo àjà, torí ta ló máa tutọ́ sílẹ̀ nílé àna lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ó gbé e mì tipátipá.

"Iyọ̀," ló wí.

Bàbá Máfolúkù wo inú ife. Kò mọ nǹkan kan nípa iyọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó máa wí bẹ́ẹ̀? "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Iyọ̀ ni."

Ni ojú Àlàájì bá tàn. "Áà! Iyọ̀ àdúrà! Ẹ̀yin ṣì ń ṣe é! Níbi gbogbo tí mo ń lọ báyìí, ìka ni wọ́n fi ń tọ́ iyọ̀ lá bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ̀yin ń mu ún ní tiyín!"

"Àṣà ilé wa ni," ni Bàbá Máfolúkù wí, ó sì na ọrùn. "Láti ayé bàbá tó bí bàbá wa ní Ìṣẹ́yìn, mímu là ń mu ún. Àwọn tó ń tọ́ ọ lá, ara wọn ni wọ́n ń tàn."

"Ẹ wá bu tiyín náà ká jọ ṣàdúrà."

Bàbá Máfolúkù kò retí ìyẹn. Ó bu tirẹ̀, ó mu ún, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Àlàájì rò pé àdúrà ló wọ̀ ọ́ lára, ó tún gbé ohùn sókè. "Ayé àwọn ọmọ wa á dùn bí iyọ̀!" Àmín, wọ́n gbé e mì. "Wọn ò ní di ẹni ìgbàgbé!" Àmín, wọ́n gbé e mì. "Omi ò ní gbé wọn lọ!" Fàthíà fúnra rẹ̀ ṣe àmín sí ìyẹn nínú yàrá, torí ó kàn án. Ìyá Majeed nìkan ló gbọ́n níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá dijú ló ń rọra da tirẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó ike.

Bàṣírátù gbé mọ́ínmọ́ín wọlé, ó rí ife lọ́wọ́ gbogbo wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀ kò rìn mọ́. "Ẹ ti ń mu... ẹ ti ń mu nǹkan?"

"Iyọ̀ àdúrà ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ pupa bí ata, ó ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú náà pé kó má tú òun fó. "Àṣà ilé wa."

Bàṣírátù wo ìgò, ó wo kọ́tìnì, ó wo Àlàájì tó ń nu ẹnu. Kí ló fẹ́ sọ? Pé iṣẹ́ ilé ìwé lẹ mu? "Bẹ́ẹ̀ ni o," ló wí. "Àṣà ilé wa ni."

Fàthíà ń ju ọwọ́ sí Abdulmajeed láti inú ihò kọ́tìnì, pé kó gbé ife sílẹ̀. Abdulmajeed rí ìka olólùfẹ́ rẹ̀ tó ń jó nínú kọ́tìnì, inú rẹ̀ dùn, ó gbé ife rẹ̀ dà sọ́nà ọ̀fun látòkè délẹ̀, ó tún bu òmíràn. Ìfẹ́ ò níyè nínú.

"Ó tó, ọmọ mi," ni Bàbá Máfolúkù wí. "Wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ."

Abdulmajeed sì dọ̀bálẹ̀. Gbì! Pákó ilẹ̀ mì, tábìlì mì, ìgò mì. Fàthíà lẹ ojú mọ́ ihò, ó wo òkun rẹ̀. Ojú omi lókè kò ṣe bí ẹni pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ní àárín, níbi tí pupa àti funfun ti pàdé, ìgbì kan gbéra. Ó rìn lọ jẹ́jẹ́, ó kọlu ara ìgò, ó padà, ó ń ga sí i. Odidi ọ̀sẹ̀ ni Fàthíà ti fi ń kan tábìlì, kò rí irú èyí rí. Ó kù díẹ̀ kó wó, ó sì rọlẹ̀.

"Ẹ ní kó tún un ṣe!" Ẹnu Fàthíà ló ti já bọ́.

Gbogbo wọn kọjú sí kọ́tìnì. Àlàájì yíjú sí agbẹnusọ. "Ìyàwó ní kó tún un ṣe. Àṣà ilé yín nìyẹn náà?"

"Òun gan-an nìyẹn," ni Bàbá Máfolúkù wí. Kò tiẹ̀ ronú sí i. "Títí á fi tẹ́ ìyàwó lọ́rùn."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Majeed, tún un ṣe!"

Gbì! Ó tún dìde. Gbì! Òógùn bò ó. Gbì! "Kó má sinmi láàárín!" ni ìyàwó wí láti inú yàrá, Àlàájì sì ń pàtẹ́wọ́ pé ilé yìí mọ àṣà. Ìgbì náà ga, ó ga, ó tẹ̀ síwájú, ó wó lé ara rẹ̀ lórí, omi pupa sì ń rú sínú funfun, ó ń lọ́, ó ń ká bí èéfín. Fàthíà ń sunkún ayọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó dára jù. Ó dára ju èyí tó wà nínú ìwé lọ.

Bàbá Máfolúkù náà rí i pé nǹkan ń pò, ṣùgbọ́n pé kò tíì dọ́gba. "Ti òkè ò tíì níyọ̀," ló wí, ó sáré lọ mú ọmọrogùn wá láti ilé ìdáná. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó pọ̀ fún yín."

"Ẹ má rò ó! Òkun mi ni!"

Fàthíà ti já wọ pálọ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti gbéra, láìsí ẹni tó pè é, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó di ọmọrogùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìyá rẹ̀ fi tírè bojú.

"Òkun wo?" ni Àlàájì bèèrè.

Kò sí ibi tó fẹ́ sá sí mọ́. Fàthíà kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: omi òkè, omi ìsàlẹ̀, ìgbì, fídíò tó gbọ́dọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ tó ń lọ agbami, àti pé kò sí ohun tí òun fẹ́ ju kóun lọ, tí Àlàájì bá gbà. Abdulmajeed tó wà nílẹ̀ pẹlẹbẹ kò dìde, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ.

"Ìyẹn ni pé," ni Àlàájì wí, ó rọra ń sọ ọ́, "òkun ni mo mu?"

"Àwòkọ rẹ̀ ni, sà."

Àlàájì la ẹnu láti dáhùn. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Majeed fi wo fèrèsé bóyá bàálù ló ń kọjá. Àlàájì ká agbádá mọ́ra. "Ilé ìwẹ̀ dà?"

Bí gbogbo ẹbí méjèèjì ṣe tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ nìyẹn, tí Fàthíà kúnlẹ̀ síwájú, tó ń retí kí ilẹ̀kùn ṣe ìdájọ́ ayé òun. Nínú lọ́hùn-ún, rúdurùdu tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣe é wọn.

"Fàthíà." Ohùn náà rẹlẹ̀.

"Sà."

"Ọkọ̀ yẹn. Ṣé ó tóbi?"

"Ó tóbi, sà. Ó ju pẹ́tẹ́ẹ̀sì yìí lọ."

Wọ́n gbọ́ ariwo kan, kì í ṣe ti ẹnu. Wọ́n gbé ojú kúrò lára ara wọn.

"Ṣé ilé ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà, sà. Ó pọ̀ níbẹ̀."

"Ìyẹn dáa." Ó wúkọ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀rù omi ti ń bà mí láti kékeré. Mo rò pé tí òkun bá wọ̀ mí lẹ́nu pẹ́nrẹ́n, mo ti kú nìyẹn. Ṣé o rí i, mo ti mu ún báyìí. Mo mu ife mẹ́ta. Mi ò kú."

"Ẹ ò ní kú, sà."

"A ò tíì mọ̀ o." Omi ṣàn nínú lọ́hùn-ún. "Àwọn tí mo ń ta báàgì fún, gbogbo wọn ló ń lọ. Èmi ò lọ síbì kankan rí. Kó lọ. Ẹ gbọ́ mi níta níbẹ̀? Mo ní kó lọ! Ṣùgbọ́n kó bu ògidì rẹ̀ bọ̀ fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ òkun pọ̀ tó yẹn, tàbí òun ló fi iyọ̀ ṣe mí níbi."

Fàthíà fi orí kan ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàṣírátù bú sẹ́rìn-ín, kò sì lè dúró mọ́.

Fídíò náà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, tàdúràtàdúrà, tàmíntàmín. Nígbà tí èsì dé, àwọn tó ni ọkọ̀ fún un ní àyè náà, wọ́n kọ̀wé pé àwọn kò tíì rí ìgbì abẹ́ omi tó mọ́ kedere bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹ̀rọ wo ló fi mi tábìlì tí ó fi dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Fàthíà ní àfẹ́sọ́nà òun ni, ó ń dọ̀bálẹ̀. Wọ́n tún bèèrè ọwọ́ obìnrin tó ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń da omi sínú òdòdó. Ìyá Majeed kò tíì gbà títí di òní pé ọwọ́ òun ni.

Lọ́jọ́ tí Fàthíà ń lọ, Àlàájì gbé báàgì kan wá fún un láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tó nípọn jù níbẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Fàthíà sì lọ agbami, ó rí àárín òkun, ó wọn rúdurùdu rẹ̀. Nígbà tó dé, ó gbé ìgò kékeré omi òkun kan fún Àlàájì ní Òṣòdì, lójú gbogbo oníṣọ́ọ̀bù. Àlàájì gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó títí. Ó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ọ lá. Ọgbọ́n ti dé.

"Ti Ìsọlọ̀ níyọ̀ jù," ló wí.

Ó wá gbé ìgò náà sórí pèpéle láàárín àwọn báàgì, níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i. Títí di òní, tí oníbàárà bá bèèrè pé kí nìyẹn, á fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀. "Òkun ni," á wí. "Ọmọ mi ló lọ bù ú wá. Ẹ wo báàgì yìí, irú rẹ̀ ló gbé lọ."